Òjá Funfun Àwẹ̀ró Kannakánná

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ohùn yín ò jáde. Àbí ẹ ti ń sùn ni? Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó gba orí òkun kọjá, omi ò kàn án lẹ́sẹ̀, ó lọ bà sórí igi gíga kan nínú igbó erékùṣù. Kò bà lé ẹlòmíràn, àfi Àwẹ̀ró Kannakánná, àti Alákàn, àti òjá funfun kan tí wọ́n fi ń pọn ọmọ.

Ẹ bá mi fa ọmọ yẹn sẹ́yìn kúrò nídìí iná. Iná ò mọ ọmọ tí a fẹ́ràn. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa, à ń lọ.

Láyé àtijọ́, gbogbo kannakánná ayé ló ní òjá. Ṣé ẹ ti wo kannakánná dáadáa rí? Funfun tó wà láyà rẹ̀, tó yí lọ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ẹ rò pé ìyẹ́ lásán ni? Òjá ni. Òjá ìpọnmọ ni.

Ìyá Àgbà Kannakánná ń gbé lórí igi àgbọn kan létíkun. Ọmọbìnrin méjì ló bí. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ìbírónkẹ́. Àbúrò ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìbírónkẹ́ a máa ṣe jẹ́jẹ́. Àwẹ̀ró ò mọ jẹ́jẹ́. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, Àwẹ̀ró á ti sá fún un. Bí ìkùukùu bá ṣú bí àtẹ́lẹwọ́ báyìí, Àwẹ̀ró á ti rí ara rẹ̀ nínú àgbàrá. "Bó bá rí báyìí ńkọ́?" Gbólóhùn ẹnu rẹ̀ nìyẹn láàárọ̀. Gbólóhùn ẹnu rẹ̀ nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Àwẹ̀ró yé ẹyin, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́ rárá. Ó ní oúnjẹ etíkun ò ní tó ọmọ òun jẹ. Ìbírónkẹ́ ní oúnjẹ wà, ẹja wà, òkun ṣáà nìyí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹja bá tán lókun ńkọ́?"

"Àwẹ̀ró, ẹja kì í tán lókun."

"Bó bá tán ńkọ́?"

Ìbírónkẹ́ wò ó títí. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá dúró lórí igi àgbọn náà nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí ohun dúdú kan láàárín òkun lọ́hùn-ún, bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Erékùṣù ni. Igbó ló bò ó látòkè délẹ̀. Àwọn ẹyẹ òkun máa ń ròyìn pé èso ń já bọ́ níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣà á. Àwẹ̀ró gbọ́. Ó ní ibẹ̀ lòun ó lọ bímọ sí. Ó ní òun ti ń lọ nìyẹn.

Ìyá Àgbà ò bá a jà. Ẹni tó mọ ọmọ rẹ̀ kì í bá a jà lórí ohun tó ti pinnu. Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìtẹ́ rẹ̀, ó fa òjá funfun kan yọ. Ó funfun bí ìfófò òkun. Irú rẹ̀ ló ti fún Ìbírónkẹ́ nígbà tí ìyẹn bímọ. Ọ̀kan fún ọmọbìnrin kan. Kò sí èkejì.

Ó so ó mọ́ Àwẹ̀ró láyà, ó ní: "Gbọ́ mi dáadáa. Òjá ọmọ, ẹ̀yìn ọmọ ló mọ̀. O ò gbọdọ̀ fi di ẹrù. O ò gbọdọ̀ fi gbàjá ijó. O ò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni, ì báà máa sunkún ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ bá jáde, ní ọjọ́ kẹjọ, kí o pọ̀n ọ́n kọjá òkun wá sílé, kí á sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti dàgbà. Ojú mi ń ṣú lọ. Ọmọ yẹn ni mo fẹ́ rí kẹ́yìn."

Àwẹ̀ró ní òun gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó fò. Fẹ̀ẹ̀. Ó di erékùṣù.

Kí ló bá níbẹ̀? Igi lórí igi. Ewé lórí ewé. Ọ̀pọ̀tọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àgbọn wà, omi dídùn ń ṣàn lábẹ́ òkúta. Ó kọ́ ìtẹ́ sórí igi tó ga jù. Ó yé ẹyin kan ṣoṣo. Ó sàba lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó gbọ́ kò, kò, kò lábẹ́ àyà rẹ̀, ẹyin là, ọmọ yọjú.

Ẹ wo ayọ̀. Àwẹ̀ró fò sókè, ó fò sílẹ̀, ó yí igi po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ náà wà ní ìhòòhò, ojú rẹ̀ dì, ẹnu ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Kò tíì lórúkọ. Nítorí náà, Ìkókó ni a ó máa pè é. Ẹ bá mi ka ọjọ́ o. Ọjọ́ kìíní nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀tọ́ já bọ́ sílẹ̀ púpọ̀. Àwẹ̀ró ń fi ẹnu gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọ̀kan, ó padà. Ó gbé ọ̀kan, ó padà. Bí àdán bá jẹ ìyókù kóun tó dé ńkọ́? Bí òjò bá gbá a lọ ńkọ́? Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó tú òjá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kó ọ̀pọ̀tọ́ sí i, ó dì í gbàgìdì, ó gbé e lọ sílé.

Omi ọ̀pọ̀tọ́ ta sí òjá náà. Ó sáré lọ fọ̀ ọ́ nínú omi dídùn. Ó sá a sórí òkúta. Ó tún funfun. Àwẹ̀ró ní, ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, wọ́n kàn fẹ́ máa dẹ́rù bani ni. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ní ọjọ́ kẹrin, Odídẹrẹ́ onídìí pupa ń fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ. Gbogbo ẹyẹ igbó erékùṣù ló lọ. Àwẹ̀ró ní òun ò ní lọ, òun ní ọmọ tuntun. Odídẹrẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá pè é. Ó ní, "Ìyá Ìkókó, àwa ò tíì rí ẹyẹ tó ń wọ funfun lórí dúdú rí. Ẹ wá, kí àwọn èèyàn ọkọ ọmọ mi rí i pé a lálejò."

Orí Àwẹ̀ró wú. Ó lọ. Ó ní ṣá, òun á máa sáré wo ọmọ. Bí ijó bá gùn díẹ̀, á fò lọ sílé, á wo Ìkókó, á fò padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bọ̀. Ìgbà tó padà dé nígbà kẹta, orin ti gbóná, àwọn ẹyẹ ti ṣe agbo. Àwẹ̀ró fa òjá wá sí ìbàdí, ó fi gbàjá gírígírí. Ó jó. Ó sọ̀dí sọ́tùn-ún, ó sọ̀dí sósì. Wọ́n ń pariwo, "Funfun lórí dúdú." Ó tún sọ̀dí.

Fàààà. Ẹ̀gún kan ló gbá etí òjá mú, ó ya.

Ó wọ́ ọ délé. Ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó bọ́ lára màrìwò rán an. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó ṣì dì, ó ṣì lè gbé ọmọ. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ẹ̀yin náà ti mọ̀. Ó ti fi di ẹrù. Ó ti fi gbàjá ijó. Ẹ̀wo ló kù?

Ẹ ṣeun. Ó kù kó yáni.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Ojú Alákàn erékùṣù yìí dúró lórí igi kéékèèké méjì, ó ń yí kiri. Ní ọjọ́ ijó, ó ti wà lẹ́nu ihò rẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò, ó rí òjá. Ìyá ni Alákàn náà. Ẹyin wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, wọ́n kéré bí ọkà bàbà, wọ́n pọ̀ bí yanrìn. Ó gbọ́dọ̀ kó wọn dé òkun kí wọ́n tó lè di alákàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ jìnnà, òkúta pọ̀, bó bá ti gbé ẹsẹ̀, díẹ̀ á já bọ́. Bó bá tún gbé ẹsẹ̀, díẹ̀ á tún já bọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, Alákàn fi ẹ̀gbẹ́ rìn dé ìdí igi Àwẹ̀ró. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí ó ṣàánú òun, kí ó yá òun ní òjá dé etí òkun péré.

Àwẹ̀ró ní rárá. Ó ní ìyá òun ti kìlọ̀.

Ní ọ̀sán, Alákàn tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yìn ín. Ó ní kò sí arẹwà bí Ìyá Ìkókó nínú igbó yìí, kò sí onínúure bíi tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bí ẹyọ kan, èmi bí ẹgbẹ̀rún. Òjá yín ń sinmi, ọmọ tèmi ń já bọ́."

Àánú ṣe Àwẹ̀ró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní rárá. Ọjọ́ kẹjọ ti dé tán, òun ní láti kọjá òkun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Alákàn dé lẹ́ẹ̀kẹta. Kò bẹ̀bẹ̀. Kò yin ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ọwọ́ rẹ̀ tó dà bí ẹ̀mú kan ìdí igi náà, kó, kó, ó sì mi orí. Ó yí padà, ó ń lọ.

"Ìyá Alákàn, kí lẹ rí?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ mirí. Mo rí yín."

"Mo ní kò sí nǹkan kan. Abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń gbé, ohun tí mo rí lábẹ́ ilẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni kó wà."

Há. Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún Àwẹ̀ró? Ó fò wálẹ̀ wùù. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó sọ ọ́. Alákàn wá sọ pé gbòǹgbò igi náà ti jẹrà lápá kan. Bí ìjì kékeré bá fẹ́ báyìí, igi á lọ, ìtẹ́ á lọ, ọmọ á lọ. Ó ní òun ì bá wọ abẹ́ rẹ̀, kí òun wa ilẹ̀ tì í dáadáa, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni òun ní, ọwọ́ méjì. Ṣùgbọ́n báwo lòun ṣe fẹ́ wa ilẹ̀, tí àwọn ọmọ òun ń já bọ́ lábẹ́ ikùn?

Àwẹ̀ró wo ojú ọ̀run. Ìkùukùu kan wà níbẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Bí ìjì bá jà ńkọ́? Bí igi bá wó ńkọ́?

Ó tú òjá.

Alákàn gbà á. Ó ní kí oòrùn ọ̀la tó dé àtàrí, òjá ti padà. Ó kó o, ó fi ẹ̀gbẹ́ lọ wérewére. Kò yà sábẹ́ igi kankan. Ihò rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

Ìjì ò jà. Atẹ́gùn gan-an ò fẹ́.

Ní ọjọ́ keje, oòrùn yọ. Oòrùn dé àtàrí. Oòrùn kọjá àtàrí. Àwẹ̀ró ò rí òjá. Ó wo abẹ́ igi, ilẹ̀ wà bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó fi èékánná kàn án. Ó fi ẹnu gún gbòǹgbò wò, ó le koránkorán. Kò sí ìjẹrà kankan níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé Alákàn ti tan òun.

Ó fò lọ sẹ́nu ihò Alákàn, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "Kàà, òjá ọmọ" ni kí ẹ máa wí.

Alákàn, Alákàn o,
Kàà, òjá ọmọ.
Gbé òjá mi fún mi o,
Kàà, òjá ọmọ.
Ọ̀la lọmọ mi ń gborúkọ,
Kàà, òjá ọmọ.
Ìyá àgbà ń wọ̀nà o,
Kàà, òjá ọmọ.

Alákàn dáhùn láti ìsàlẹ̀. Àná, "ẹ̀yin" ló ń pè é. Lónìí, ó di "ìwọ".

"Ìwọ ta ni yẹn? Òjá? Mo ti fi di àwọn ọmọ mi mọ́ ikùn. Ó ti lẹ̀ mọ́ mi lára pinpin. Bó o bá lè tú u, wọlé wá tú u."

Àwẹ̀ró ki ẹsẹ̀ bọ ihò. Alákàn fi ẹ̀mú gbá a mú, gbà. Àwẹ̀ró fa ẹsẹ̀ yọ, ó ń tiro.

Ó ki ẹnu bọ ihò. Ẹnu rẹ̀ ò gùn tó. Yanrìn ló bù jẹ.

Ó padà sílé, ó jókòó ti Ìkókó. Ìkókó ò mọ nǹkan kan. Ó la ẹnu, ó ń bèèrè oúnjẹ.

Ọjọ́ kẹjọ mọ́. Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ mọ ohun tí ọjọ́ kẹjọ jẹ́. Àwẹ̀ró wo òkun, ó fẹ̀ lọ. Ó ní bóyá òun lè pọ̀n ọ́n láìsí òjá. Ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kó di òun mú. Ó fò díẹ̀ lórí yanrìn. Ọmọ yọ̀, pọ̀ọ́, ó bọ́ sórí yanrìn. Ọlọ́run ló ṣe é, kò ga. Àwẹ̀ró gbá a mọ́ra, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, orí rẹ̀, apá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ orí omi ni ńkọ́? Òun ò tún ní dán an wò láéláé.

Ó gbé ọmọ padà sínú ìtẹ́. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ya ewé ara rẹ̀ dànù, ó fi ìkọ́ kékeré kan sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ ò ṣe, ohun tí ẹnu ò ṣe, bóyá igi á ṣe é. Ó fi ẹnu mú un, ó ki í bọ ihò Alákàn. Ó rò ó. Ó fà á. Kò sí nǹkan. Alákàn ti gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ sáré dé òkun, tòun tòjá.

Àwẹ̀ró ò mọ̀. Ó ń rọ́ igi bọ ihò. Gbogbo ihò tó rí, ó rọ́ igi bọ̀ ọ́. Ihò abẹ́ òkúta. Ihò abẹ́ gbòǹgbò. Ihò ara igi tó ti kú.

Ibẹ̀ ni Ìbírónkẹ́ ti bá a. Oòrùn ti kọjá àtàrí. Ìbírónkẹ́ ti fò kọjá òkun, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, òjá funfun dì í gbàgbà.

"Àwẹ̀ró, kí lò ń wá nínú igi?"

Àwẹ̀ró sọ gbogbo rẹ̀. Kò pa ọ̀kan mọ́. Ó sọ ti ọ̀pọ̀tọ́, ó sọ ti ijó, ó sọ ti Alákàn. Nígbà tó parí, ó wo òjá tó wà láyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yá mi ní tiyín. Kí n fi pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ Màmá péré. Lónìí nìkan."

Ìbírónkẹ́ fi ọwọ́ kan kókó òjá rẹ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sùn, ó ń mí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́.

"Àbúrò mi, Màmá ní a ò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni ní òjá. Bí mo bá tú u, èmi náà ń bẹ ní erékùṣù yìí pẹ̀lú rẹ nìyẹn. Màmá á wá pàdánù ọmọ-ọmọ méjì."

Àwẹ̀ró tẹ orí ba. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọmọ òun á wá di aláìlórúkọ, nítorí ìwà òun.

Ìbírónkẹ́ ní rárá. Ó ní Màmá mọ ọmọ tí òun bí. Màmá ti wí pé bí oòrùn bá dé àtàrí tí wọn ò bá rí Àwẹ̀ró, kí Ìbírónkẹ́ lọ sọ ọmọ lórúkọ níbi tó bá wà. Ó ní, "Màmá ní kí n sọ fún ọ pé orúkọ ọmọ kì í dúró de ìtìjú ìyá."

Wọ́n gbé Ìkókó jáde. Omi ńkọ́? Omi dídùn wà lábẹ́ òkúta. Iyọ̀ ńkọ́? Ìbírónkẹ́ ti fò kọjá òkun, iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ìyẹ́ apá rẹ̀, ó gbọn díẹ̀ sílẹ̀. Oyin ńkọ́?

Kò sí oyin.

Ta ni yóò fi iyọ̀ nìkan sọ ọmọ lórúkọ? Ẹnu ọmọ gbọ́dọ̀ tọ́ adùn wò lọ́jọ́ náà, kí ayé rẹ̀ má baà korò. Àwẹ̀ró tún gbé igi rẹ̀. Kò lè jókòó. Ó rọ́ ọ bọ ihò ara igi tó ti kú náà, ó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó rò ó. Igi wúwo. Ohun kan ti gbá a mú.

Ó yọjú wo inú ihò. Ó rí funfun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òjá mi nìyí. Mo rí i. Igi mi ti mú un."

Ó fà. Ó fà díẹ̀díẹ̀. Ìbírónkẹ́ sún mọ́ ọn, ó ní rọra, rọra, má jẹ́ kó ya. Funfun náà ń bọ̀. Ó ń bọ̀. Ó yọ orí. Ó jáde, bọ̀ọ́.

Ìdin ni.

Ìdin igi ńlá, ó sanra, ó funfun, ó di igi mú típẹ́típẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ìbírónkẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó yẹ kóun ṣe. Ìbírónkẹ́ fi ẹnu tọ́ ìdin náà wò. Ó ní ó dùn ju oyin lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi omi kan Ìkókó lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ kàn án, wọ́n fi ìdin tọ́ ọ lẹ́nu. Ìkókó gbé e mì kàló, ó tún la ẹnu.

Ìbírónkẹ́ wo àyà àbúrò rẹ̀. Ibi tí òjá wà tẹ́lẹ̀, ìyẹ́ tuntun ti hù síbẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, oòrùn bà á, ó ń kọ bí aró tó gbó. Kò sí àmì funfun kankan lára rẹ̀, látorí dé ìrù.

Ó ní, "Gbé ojú sókè, Àwẹ̀ró. Má bo àyà mọ́. Ó yẹ ọ́. Dúdúyẹmí ni ọmọ yìí ń jẹ́."

"Màmá ò ní rí i."

"Á gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ló ń ṣú, etí rẹ̀ ò dí. Láràárọ̀, kí ọmọ dúró lórí igi tó ga jù, kí ó kọjú sí ilé, kí ó ké. Èmi á sọ fún Màmá pé Dúdúyẹmí nìyẹn."

Ìbírónkẹ́ so òjá rẹ̀ le, ó fò lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn kékeré kan dún láti erékùṣù, kàà. Wọ́n ní Ìyá Àgbà dìde lórí igi àgbọn, ó kọjú sí òkun, ó dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Dúdúyẹmí dàgbà. Ìyẹ́ apá rẹ̀ gùn. Ó ní òun fẹ́ fò lọ wo ìyá ìyá òun. Àwẹ̀ró wo òkun, ó wo ọmọ.

"Bó bá rẹ̀ ọ́ láàárín omi ńkọ́?"

Dúdúyẹmí dúró. Nígbà tó yá, ó bímọ tirẹ̀, òun náà wo òkun, ó wo ọmọ, ó ní, "Bó bá rẹ̀ ọ́ ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń ti ẹnu ìyá bọ́ sí ẹnu ọmọ, títí di òní olónìí.

Ìdí nìyí tí kannakánná ilé wa fi ń wọ funfun láyà, tí ti igbó erékùṣù fi dúdú látòkè délẹ̀. Kì í kúrò ní erékùṣù rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí i, igi tẹ́ẹ́rẹ́ á wà lẹ́nu rẹ̀, á máa rọ́ ọ bọ ihò igi. Àwọn èèyàn á ní oúnjẹ ló ń wá. Ó ń jẹ oúnjẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjá ìyá rẹ̀ ló ń wá.

Alákàn ńkọ́? Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ yí i padà. Ẹ rí ikùn rẹ̀? Funfun. Òjá olóòjá ni. Kò lè tú u, kò lè dá a padà, ó kàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó ń fi ojú méjèèjì wo òkè, bóyá kannakánná ń bọ̀.

Ẹni tó bá ní kí n yá òun ní òjá ọmọ mi, kó má bínú. Mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi bà sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí n ki ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀, kí n má bá ẹran. Ṣùgbọ́n bí n kò bá purọ́, kí ẹnu mi ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹnu Dúdúyẹmí.

Kàà. Kàà. Kàà.